Tíṣà, Ẹ Mọ Òfin Kí Ẹjọ́ Tó Dé

Ẹ̀yin olùkọ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́ òní: ẹ̀yin tí ẹ wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, ẹ̀yin ti sẹ́kọ́ńdìrì, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, níbi tí tíṣà kan ṣoṣo ti ń kọ́ ìṣirò, tó tún ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, tó sì tún ń dúró ti ọmọ olọ́mọ títí òbí yóò fi dé. Ẹ̀yin òbí náà, ẹ má yí rédíò kúrò níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tíṣà ló ti fi òwe yìí di ara wọn lẹ́nu. Agbanisíṣẹ́ jẹ wọ́n lówó oṣù, wọ́n dákẹ́. Ó ní kí wọ́n lọ rọ́kún nílé láìbi wọ́n ní nǹkan kan, wọ́n dákẹ́. Ohun tó ń fa èyí ni pé a rò pé kò sí ọ̀nà tí èèyàn fi ń lo òfin ju kó gba lọ́yà, kó wọ kóòtù lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá. Lẹ́tà tí a kọ dáadáa, ìdáhùn tó mọ́gbọ́n dání sí kúẹ́rì, ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ gan-an, òfin ni a ń lò níbẹ̀ yẹn. Tíṣà tó bá mọ ìwọ̀nyí lò lè ṣiṣẹ́ títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì láìfojú kan adájọ́. Ohun méjì ni òfin máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wá bá a: ìwé rẹ dà? Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi méjèèjì sọ́kàn bí a ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìwé ìgbanisíṣẹ́. Tíṣà méjì lè jọ máa kọ́ irú kíláàsì kan náà, kí ẹsẹ̀ wọn má dọ́gba níwájú òfin. Tíṣà ìjọba, yálà SUBEB, àjọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló gbà á tàbí TESCOM, àjọ sẹ́kọ́ńdìrì, òfin ló bí iṣẹ́ rẹ̀. Òfin àti ìlànà iṣẹ́ ìjọba ló sọ bí wọ́n ṣe lè bá a wí àti bí wọ́n ṣe lè dá a dúró. Bí ọ̀gá kan bá kàn jí lọ́jọ́ kan tó ní kó máa lọ, tí kò tẹ̀lé ìlànà yẹn, ilé-ẹjọ́ lè wọ́gi lé e, kó ní kí wọ́n dá tíṣà náà padà sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì san gbogbo owó oṣù tí wọ́n fi dù ú. Ẹjọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò máa ń tọ́ka sí lórí èyí ni ti Olaniyan àti Yunifásítì Èkó, tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ní 1985. Àwọn aláṣẹ yunifásítì náà dá àwọn olùkọ́ kan dúró, wọ́n rò pé bí àwọn bá ti san owó dípò ìkìlọ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ilé-ẹjọ́ ní kò parí: òfin tó dá yunifásítì náà sílẹ̀ ti la ọ̀nà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó yọ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì gba ọ̀nà náà. Àwọn olùkọ́ náà padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ti tíṣà aládàáni yàtọ̀. Àdéhùn òun àti ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ ni agbára rẹ̀ dúró lé. Bí wọ́n bá dá a dúró láìfún un ní ìkìlọ̀ tó yẹ, ohun tí ilé-ẹjọ́ sábà máa ń fún un ni owó àkókò ìkìlọ̀ náà àti gbèsè tí wọ́n bá jẹ ẹ́. Adájọ́ kì í sábà fi tipátipá dá òṣìṣẹ́ padà sọ́dọ̀ aládàáni tó ní òun kò fẹ́ ẹ mọ́. Ìdí nìyẹn tí ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn fi ṣe pàtàkì. Iye owó oṣù, ọjọ́ tí wọn yóò máa san án, iye ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù tí ìkìlọ̀ yóò jẹ́, ìsinmi, iṣẹ́ tí wọ́n gbà yín fún: ẹ rí i pé gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ẹ ó ní, “Ilé-ẹ̀kọ́ tiwa kì í fún èèyàn ní lẹ́tà.” Ó yé mi. Ṣé ẹ lè kọ lẹ́tà fúnra yín? Ẹ kọ ọ́ tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀ pé ẹ dúpẹ́ fún iṣẹ́ tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ báyìí, ní iye báyìí, láti kọ́ kíláàsì báyìí. Ẹ fi ránṣẹ́, kódà kó jẹ́ lórí WhatsApp, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Bí owó oṣù bá ń wọ àkáǹtì, ẹ̀rí ni álẹ́ẹ̀tì yẹn. Òfin ẹ̀rí ọdún 2011, ní abala 84, gba ohun tó jáde láti inú kọ̀ǹpútà àti fóònù gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, bí a bá tẹ̀lé ìlànà tó là sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àti ọ̀gá yín jọ sọ rẹ́ nígbà tí inú bá ń bí yín.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ dẹ́kun rẹ̀. Ẹ yé fi ojúlówó ìwé ẹ̀rí NCE tàbí dìgírì yín sílẹ̀ lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́. Ẹ fi hàn wọ́n, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ fún wọn ní ẹ̀dà, kí ẹ mú tiyín padà sílé. Ìwé tí ẹ jókòó ọdún púpọ̀ gbà kì í ṣe ohun ìdógò. Bí ẹ bá sì ń fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ kọ ìwé, kí ẹ fi jíṣẹ́, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín, kó kọ déètì sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí kúẹ́rì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tíṣà ti ń ṣubú. Abala 36 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti rojọ́ ara rẹ̀ kí wọ́n tó dá a lẹ́bi. Yorùbá ti sọ ọ́ pé agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Bí wọ́n bá fún yín ní kúẹ́rì, àǹfààní tí òfin ní kí wọ́n fún yín nìyẹn, ẹ má fi ìbínú ba á jẹ́. Ẹ ka ẹ̀sùn náà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ohun tí wọ́n béèrè ni kí ẹ dáhùn. Ẹ má lọ máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀gá yín láti ọdún tó kọjá. Ẹ kọ déètì, ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe àti orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀, ẹ so ìwé tó bá gbè yín mọ́ ọn. Bí ẹ̀sùn kò bá yé yín, ẹ kọ̀wé béèrè àlàyé. Ẹ fi jíṣẹ́ kí àkókò tí wọ́n dá tó pé, kí ẹ gba ìfọwọ́sí sórí ẹ̀dà yín. Ẹni tí kò dáhùn kúẹ́rì ti ran ẹni tó fẹ̀sùn kàn án lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá pè yín síwájú ìgbìmọ̀, ẹ wo àwọn tó jókòó. Ní 1986, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbọ́ ẹjọ́ Garba àti Yunifásítì Maiduguri. Wọ́n ti lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí rògbòdìyàn kan, ṣùgbọ́n igbákejì ọ̀gá àgbà yunifásítì, tí rògbòdìyàn náà ṣe ní jàǹbá, ló tún ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀. Ilé-ẹjọ́ ní kò tọ́: ẹnìkan kò lè jẹ́ olùpẹ̀jọ́, kó tún jẹ́ adájọ́. Wọ́n tún ní ẹ̀sùn tó bá jẹ́ ti ọ̀daràn pọ́ńbélé, kóòtù ló ni í, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ìbáwí. Ìdájọ́ yìí gbe tíṣà, ó sì tún de tíṣà. Ìwọ tí ọmọ bú lónìí, má ṣe jókòó nínú ìgbìmọ̀ tí yóò pinnu bóyá kí wọ́n lé ọmọ náà lọ́la. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sọ tẹnu rẹ̀, kí òbí rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin ilé-ẹ̀kọ́ kò ga ju ìwé òfin orílẹ̀-èdè lọ. Ẹ rántí ẹjọ́ híjáàbù ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ní oṣù Kẹfà 2022, adájọ́ márùn-ún nínú méje ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba máa lo híjáàbù bí wọ́n bá fẹ́. Ohun yòówù kí èrò ọkàn tíṣà jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, tíṣà tó bá lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde ní kíláàsì lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn, orí ara rẹ̀ ló ń ki bọ inú ẹjọ́.

Ó kan ọ̀rọ̀ pàṣán. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà ti ń lò láti ìgbà òyìnbó, ní abala 295, gbà pé òbí lè bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 wí, àti pé ó dà bíi pé òbí ti gbé àṣẹ yẹn lé tíṣà lọ́wọ́, àfi bí òbí bá sọ pé òun kò gbé e fún un. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń ṣí ìwé náà pa. Abala yẹn kan náà sọ pé ìbáwí náà kò gbọ́dọ̀ dá ọgbẹ́, kò gbọ́dọ̀ pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, àti pé a gbọ́dọ̀ wo ọjọ́ orí ọmọ, ìlera rẹ̀ àti bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe rí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 dé, tí àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Ọmọdé níbẹ̀ ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Abala 11 ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ọmọ léṣe lára, ní ọpọlọ tàbí ní ọkàn, kí ẹnikẹ́ni má sì tẹ́ ẹ. Abala 221 ní ilé-ẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ pàṣẹ kí wọ́n na ọmọdé. Ẹ gbọ́ o: ọmọ tó jẹ̀bi níwájú adájọ́, adájọ́ kò láṣẹ láti ní kí wọ́n na án lẹ́gba. Kí ni tíṣà fẹ́ gbára lé tí yóò fi na ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá títí ara rẹ̀ yóò fi bó? Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, àpá ara ọmọ ni wọn yóò yà ní fọ́tò, “òbí rẹ̀ ló ní kí n nà án” kò sì ní pa àpá yẹn rẹ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gbé pàṣán jù nù. Ìpínlẹ̀ míì tilẹ̀ ní àṣẹ tirẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ béèrè èyí tó kàn yín lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́. Ẹ bá ọmọ wí lọ́nà tí ẹ lè kọ sílẹ̀ láìtijú.

Iṣẹ́ ìṣọ́ náà wà lọ́rùn tíṣà. Ní 1893, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ẹjọ́ Williams àti Eady, ilé-ẹjọ́ sọ pé bí bàbá tó mọ ìtọ́jú yóò ṣe ṣọ́ ọmọ rẹ̀ ni kí olùkọ́ ṣe ṣọ́ ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ló fara jóná nígbà náà, nítorí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí olùkọ́ kò fi síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti ní tó o. Ìlànà yẹn wà lára ohun tí àwa náà jogún nínú òfin wọn. Òfin kò ní kí tíṣà dá ewu dúró bí Ọlọ́run. Ohun tó ń béèrè ni pé, ṣé o ṣe ohun tó yẹ kí ẹni tó lóye ṣe? Ìgbà tí wọ́n ń lọ sí ìrìn-àjò ilé-ẹ̀kọ́, ta ló ka àwọn ọmọ? Ìgbà tí kànga la ẹnu sílẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, ṣé tíṣà kọ̀wé sí ọ̀gá? Bí ó bá kọ ọ́, tí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ẹ̀bi yóò wọ́ sí. Rẹ́jísítà tí a pè láàárọ̀, ìwé ìṣẹ̀lẹ̀, orúkọ ẹni tó wá mú ọmọ lọ sílé: àwọn nǹkan tí a ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú yìí gan-an ni lọ́yà yóò kọ́kọ́ béèrè.

Bí ọmọ bá sì wá sọ fún yín pé ẹnìkan ń fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ, ẹ má pe ìpàdé ìdílé, ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni kó “yanjú ẹ̀ nínú ilé”. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé fi ẹ̀wọ̀n gbére sí bíbá ọmọdé lò pọ̀. Ẹ kọ ohun tí ọmọ sọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ fi tó àwọn aláṣẹ létí lọ́jọ́ náà.

Ká ní òbí kan bínú, ó kó ọlọ́pàá wá sílé-ẹ̀kọ́ ńkọ́? Ẹ má sá, ẹ má bá wọn jà. Abala 35 nínú ìwé òfin ní ẹni tí wọ́n mú lè dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹnikẹ́ni tó bá yàn sọ̀rọ̀. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un, ní èdè tó gbọ́. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé e dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà nítòsí, ìyẹn láàárín kìlómítà 40. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 tún sọ ọ́ kedere, ní abala 32, pé a kì í mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán. Nítorí náà, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fi ọlọ́pàá dẹ́rù ba tíṣà nítorí pé ó fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárín tẹ́ẹ̀mù, kò mọ̀ọ́ rò. Ẹ má fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ tí ẹ kò kà.

Mo fẹ́ yára mẹ́nu ba owó. Owó oṣù tó kéré jù lọ di ₦70,000 ní 2024, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25 kò sí lábẹ́ òfin náà, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké sì wà nínú ìyẹn. Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014, agbanisíṣẹ́ yóò dá ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, òṣìṣẹ́ yóò dá ìdá 8. Bí wọ́n bá ń yọ ìdá 8 lára owó yín, ẹ lọ wo àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín bóyá ó ń débẹ̀. Bí tíṣà bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, òfin 2010 lórí owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ní kó fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14, kí agbanisíṣẹ́ náà sì fi tó àjọ NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Òfin tó sọ ọjọ́ ìfẹ̀yìntì tíṣà di ọdún 65 tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́ jáde ní 2022. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń gbà á wọlé fúnra rẹ̀, ẹ béèrè ti ìpínlẹ̀ yín kí ẹ tó ṣírò ọjọ́.

Bí gbogbo èyí bá kùnà, ibo ni kí tíṣà gbà? Ẹgbẹ́ kọ́kọ́ wà. Láti 1931 ni NUT, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́, ti wà, tí Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti ṣe ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù yín, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́: ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka yín. Public Complaints Commission ń gba ẹ̀sùn lòdì sí iléeṣẹ́ ìjọba láìgba kọ́bọ̀. Ní Èkó, Citizens' Mediation Centre máa ń parí ìjà láìgba owó, a sì lè ti ibẹ̀ bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Legal Aid Council wà fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó gba lọ́yà. Bó bá wá di kóòtù dandan, National Industrial Court ni àtúnṣe ìwé òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2011 gbé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ fún. Ó wà ní Èkó, ó wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Àkúrẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má sùn lé e. Òfin kan wà tó ní ẹni tó bá fẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ ṣe é láàárín oṣù mẹ́ta. Lóòótọ́, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ní 2019 pé òfin yẹn kò kan àdéhùn iṣẹ́, síbẹ̀ ẹ má fi ẹjọ́ yín dán an wò. Ẹ lọ rí lọ́yà ní ọ̀sẹ̀ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ orí rédíò kò lè ka ìwé tó wà lọ́wọ́ yín fún yín.

Ẹ̀yin tíṣà wa, ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí nìyí. Kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ ra fáìlì kan. Ẹ kó ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé ìgbéga, ìwé ìforúkọsílẹ̀ olùkọ́ ti àjọ TRCN, ìwé owó oṣù àti gbogbo kúẹ́rì pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ fi pamọ́ sílé, kì í ṣe sí ọ́fíìsì. Èyí tí ẹ kò bá rí níbẹ̀, ẹ kọ̀wé béèrè fún un lọ́jọ́ Ajé. Tíṣà tí ìwé rẹ̀ pé, ọ̀gá pàápàá máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fìyà jẹ ẹ́.